Àpò irinṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń tà nílùú Ọ̀yọ́: èwo ló tó owó rẹ̀?

Ẹ ó ti rí àpò náà rí. Àwọn tó ń ta bọ́ọ̀lù, jẹ́sì àti bàtà bọ́ọ̀lù máa ń so ó kọ́ sí iwájú ìsọ̀: ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ méjì, báńdéèjì méjì, okùn fífò kan, ìdáàbòbò eyín kan, gbogbo rẹ̀ nínú àpò kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ tó bá dúró níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ nìkan ló ń wò, torí òun ló pupa, òun ló ń dán. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìbọ̀wọ́ yẹn ló wúlò kéré jù nínú ẹrù náà. Ohun tó sì yẹ kó wà níbẹ̀ jù, wọn ò fi sí i.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí báńdéèjì. Ẹ tú u kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Tí kò bá ju mítà 2.5 lọ, ti ọmọdé ni, ẹ dá a padà. Ti àgbàlagbà jẹ́ mítà 4.5, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó ń fà díẹ̀ sàn ju èyí tó gan bí aṣọ àpò ìyẹ̀fun, torí ó máa ń bá ọwọ́ ṣe.

Bí a ṣe ń dì í nìyí. Ẹ na ìka márààrún, kí ẹ yà wọ́n síra. Ẹ fi ojú rẹ̀ kọ́ àtàǹpàkò, ẹ gba ẹ̀yìn ọwọ́ lọ sí ọrùn ọwọ́, kí ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gòkè sí oríkèé ìka, ẹ̀ẹ̀mẹta níbẹ̀ náà. Ẹ wá máa gba àárín àwọn ìka kọjá, láti ọ̀dọ̀ ọmọńdinrín wá, kó máa padà sí ọrùn ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dì àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in fún oríkèé àti ọrùn ọwọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn dì í nígbà tí ìka rẹ̀ pa mọ́ra: bó bá ti di ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ á fẹ̀, báńdéèjì á fún, ìka á tutù, á sì kú tipiri. Bó bá dára, ó máa ń le nígbà tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, ó sì máa ń dẹ̀ nígbà tí ẹ bá tú u.

Okùn fífò inú àpò náà, rọ́bà lásán ni, ó sì dára ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ àárín rẹ̀, ẹ fa orí méjèèjì sókè: abíyá ni kó dé. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, á máa wọ́ nílẹ̀, á sì máa kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ yọ ìdérí ọwọ́ rẹ̀, ẹ fa rọ́bà náà jáde, kí ẹ ta kókó tuntun níbi tó yẹ. Ìṣẹ́jú 3 ni kí ẹ fi fò ó, ìṣẹ́jú 1 ni kí ẹ fi sinmi, nítorí bí ráúndì ìjà ṣe rí nìyẹn. Kí ẹsẹ̀ má kúrò nílẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ọrùn ọwọ́ ni kó máa yí okùn, kì í ṣe apá. Orí ilẹ̀ pupa tó ti le dára fún un ju orí kọnkéré lọ, torí kọnkéré ń jẹ rọ́bà, ó sì ń jẹ ojúgun.

Okùn yìí kò wuni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ọwọ́ yíyá fi máa ń kọ́kọ́ pa á tì. Ẹ wo Andy Ruiz, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ní Madison Square Garden, New York, ó kojú Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, tí ìgbànú àgbáyé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìpè òjijì ni wọ́n fi pe Ruiz, torí Jarrell Miller tó yẹ kó jà kùnà àyẹ̀wò oògùn. Àwọn èèyàn wo ikùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò wo ọwọ́ rẹ̀. Joshua gbé e ṣánlẹ̀ ní ráúndì kẹta. Ruiz dìde, ó da ẹ̀ṣẹ́ bò ó bí òjò, ó sì gbé Joshua náà ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ráúndì kan náà. Nígbà tí Joshua tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ráúndì keje, rẹfirí dá ìjà dúró, ìgbànú sì di ti Ruiz. Irú ọwọ́ yíyá bẹ́ẹ̀, àmútọ̀runwá ni. Kóòṣì lè tún un ṣe, kò lè fún èèyàn.

Oṣù mẹ́fà péré ni ìgbànú náà lò nídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Diriyah, ní Saudi Arabia, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, Ruiz tó wọ̀n tó pọ́ùn 268 níjà àkọ́kọ́ ti di 283, ó ti fi bíi kílò 7 kún ara. Joshua ní tirẹ̀ ti fi pọ́ùn 10 sílẹ̀, láti 247 sí 237. Ráúndì 12 ni Joshua fi gún un ní jáàbù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ ọwọ́ iwájú, tó ń yípo, tí Ruiz ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Adájọ́ méjì kọ 118 sí 110 fún Joshua, ẹ̀kẹta kọ 119 sí 109, ìgbànú sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ruiz fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé oṣù mẹ́ta ni òun fi ṣe fàájì. Láti ìgbà náà títí 2024 fi parí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló jà: ó borí Chris Arreola ní 2021 àti Luis Ortiz ní 2022, ó sì ta ọ̀mì pẹ̀lú Miller ní 2024. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó rí fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ká fi wé Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ja Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nítòsí wa níbí, ní Liberty Stadium, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kó pé ọmọ ọdún 34, síbẹ̀ Fullmer ni kò lè jáde fún ráúndì kẹjọ. Tiger pé 37 kó tó gba ìgbànú kejì, ti àwọn tó wúwo jù ú lọ, lọ́wọ́ José Torres. Ọwọ́ Tiger kò yá tó ti Ruiz, lójú tiwa, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò já a kulẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí a ń gùn ni kò sí nínú àpò, òun gan-an ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Èyí tí wọ́n ń tà fún ilé ti tó. Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni kó wà, kì í ṣe orí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì, torí kò ní sọ òótọ́ níbẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ máa gùn ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí oúnjẹ tó kan ẹnu, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Ẹ má ka ti ọjọ́ kan sí, omi lásán lè gbé e sókè. Tó bá gòkè léra léra fún ọ̀sẹ̀ méjì, àmàlà alẹ́ ti ń borí eré àárọ̀ nìyẹn.

Ìdáàbòbò eyín: omi gbígbóná ni wọ́n ń fi rọ̀ ọ́ kí èèyàn tó gé e jẹ, bí ìwé inú rẹ̀ ṣe sọ. Tó bá já bọ́ nígbà tí ẹ la ẹnu, ẹ tún un ṣe.

Ìbọ̀wọ́ wá kù. Ti inú àpò máa ń fúyẹ́, áúnsì 10 tàbí 12. Ó ṣeé fi gbá àpò ìkànṣẹ́ tí wọ́n ń so kọ́, kò ṣeé fi bá ẹnìkejì dánra wò. Áúnsì 16 ni tìyẹn, kí ẹ má baà fọ́ imú ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Awọ àtọwọ́dá ni wọ́n fi ṣe é, oòrùn ló sì ń pa á. Ibòji ni kó gbẹ sí, kí ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀. Tí ojú rírán bá tú, ẹ má jù ú nù. Àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń rán tìmùtìmù àti àpò lè tún un rán. Ẹ kàn sọ fún wọn kí kókó okùn wà níta, kó má baà máa ha ọwọ́.

Ẹni tó bá lè ní sùúrù, òkìrìkà ni kó lọ wò. Ìbọ̀wọ́ tó dára máa ń pọ̀ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á kì í lò ó ju oṣù kan lọ. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò kejì tẹ ibi oríkèé láti òde: tí oríkèé yín bá gbọ́ ọ, fóòmù ti kú. Ẹ wo bóyá àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì rán mọ́ ara rẹ̀, kó má baà gún ẹlòmíì lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Tó bá ń rùn wọ̀ọ̀, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, fóòmù ibẹ̀ kò ní pẹ́. Èyí tí kò rùn rárá ni kí ẹ rà.