Oògùn ìfọnu wo ni kí o rà? Chlorhexidine, Listerine, áyódíìn àti omi iyọ̀

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé oògùn ìfọnu tó bá ti ta lẹ́nu ló ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí, èyí tó lágbára jù lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ta. Orúkọ èròjà tó wà lára ìgò ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o tó béèrè iye tó jẹ́.

Chlorhexidine

Bó bá jẹ́ ti kòkòrò tó ń bá èrìgì jà, òun ni ọ̀gá. Ní Nàìjíríà àti ní Britain, 0.2% ló wọ́pọ̀: mìlílítà 10, ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí o sì tu ú dànù. Ní Amẹ́ríkà, 0.12% ni, dókítà ló sì ń kọ ọ́ fúnni. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí lẹ́nu tí kò tíì lè fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ibẹ̀, ló wúlò fún jù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń lò lọ títí. Àǹtí mi kan lò ó fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó rẹ́rìn-ín sí wa níbi ìkómọ, a rò pé obì ló ń jẹ. Kò sí bó ṣe fọ eyín náà tó, àwọ̀ yẹn ò ṣí, àfi ìgbà tí dókítà eyín fi ẹ̀rọ ha á. Ó tún ní ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu òun mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ti tó, àyàfi bí dókítà bá sọ pé kí o máa lò ó lọ. Bí o bá sì fọ eyín tán, dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó fi yọ ẹnu, torí ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín hó máa ń sọ agbára rẹ̀ dòfo. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí èémí ń há, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa èèyàn.

Listerine àti irú rẹ̀

Èyí ni ti ojoojúmọ́: mìlílítà 20, ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ọtí tó wà nínú ti àtètèkọ́ṣe lé ní 20%, ọtí yẹn sì wà lára ohun tó ń ta. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ, tàbí tó ti jáwọ́ nínú ọtí, kí ó ra èyí tí kò ní ọtí. Má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Áyódíìn (povidone-iodine)

1% ni ti ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Wò ó dáadáa, nítorí 10% ni ti ojú egbò ara, ìgò wọn sì lè jọra. Kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ àti ọmọ tí kò tó ọdún 6 kò gbọdọ̀ lò ó.

Omi iyọ̀

Ìdajì ṣíbí ìpotíì nínú ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń tu egbò ẹnu lára, kò sì náni ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá yọ eyín fún ọ, má fi ohunkóhun yọ ẹnu kí wákàtí 24 tó pé, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò náà má baà ṣí.

Ẹ jọ̀ọ́, Dettol, ògógóró àti omi bátìrì kò sí lára ohun tí à ń fi sẹ́nu. Mo mọ̀ bí eyín dídùn ṣe ń mú èèyàn dá oríṣiríṣi àrà lóru, ṣùgbọ́n ásíìdì ni omi bátìrì, á jẹ èrìgì kan egungun. Eyín tó ti lu kò sì gbọ́ ti oògùn ìfọnu kankan.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ rajà, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ni màá kọ́kọ́ rà. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, màá fi ìgò kékeré chlorhexidine kún un, màá wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣí ìdérí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, owó ìgò kejì di ti dókítà eyín nìyẹn.