Ìwé ìbéèrè tó bi wá ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wá rí

Ọdún 18 ni mo ti wà nínú yàrá fáìlì ọsibítù ìjọba. Lọ́dọọdún ni fọ́ọ̀mù kan máa ń wá láti òkè, tí wọ́n fi ń wádìí bóyá a ń mú ọgbọ́n tuntun wọnú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mélòó lẹ gbà? Èèyàn mélòó ló lọ gba ẹ̀kọ́? Ó tán. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí pé kò sí ibi tí mo ti lè kọ ohun tó dára jù tí a tíì ṣe nínú yàrá yẹn. Páálí àti bébà oríṣi àwọ̀ mẹ́wàá péré la fi ṣe é.

Tẹ́lẹ̀, láti orí nọ́ńbà kékeré dé ńlá la ń to fáìlì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ló máa ń padà wá jù, ìpẹ̀kun pẹpẹ kan ṣoṣo sì ni fáìlì gbogbo wọn wà. Ibẹ̀ la ti máa ń fún ara wa mọ́ ògiri láàárọ̀. Ní báyìí, nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn la kọ́kọ́ ń wò. Fáìlì 41-27-63 wà ní abala 63. A ó wá 27 níbẹ̀, lẹ́yìn náà 41. Abala 100 ló wà, láti 00 dé 99, fáìlì tuntun sì ń pín káàkiri gbogbo wọn. Àwọ̀ kan dúró fún òǹkà kan, láti 0 dé 9, nítorí náà bí fáìlì bá ṣìnà, àwọ̀ rẹ̀ ló máa tú u láti òkèèrè.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá wa gbé ìbéèrè Innovation Barometer ti ilẹ̀ Denmark wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn ọgbọ́n tuntun níbi iṣẹ́ ìjọba, a sì jókòó dáhùn rẹ̀ pa pọ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, tàwọn ti iléeṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè náà. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n irú èyí fún tẹ́lẹ̀. Ìlànà Oslo, ìwé ìlànà wíwọn ọgbọ́n tuntun tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí ètò ọrọ̀ ajé, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1992, ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ní 2018 ló tó túmọ̀ ọgbọ́n tuntun lọ́nà tó kan ìjọba náà. Oníṣòwò á wo ọjà tó tà, á mọ̀ bóyá ọgbọ́n òun mérè wá. Àwa kò ta nǹkan kan.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn ò béèrè bóyá ohun tí a ṣe jẹ́ tuntun láyé. Bó bá ti jẹ́ tuntun níbi iṣẹ́ tiyín, ó tó. Wọ́n wá béèrè ibi tí a ti rí i: ṣé a dá a sílẹ̀ fúnra wa, àbí a rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíì? Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì la ti rí tiwa, mo sì ti fẹ́ fi pamọ́. Àṣé ohun tí èyí tó pọ̀ jù sọ ní Denmark náà nìyẹn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ka iye àwọn tó dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é ní Denmark, ó lé ní 8 nínú ibi iṣẹ́ ìjọba 10 tó ní àwọn ti ṣe ohun tuntun. Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló níye lórí: kí ló yí padà, ta ló jàǹfààní?

Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Ọ̀gá ni wọ́n ń bi. Ká ní ọ̀gá wa dá a dáhùn ni, á kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti yá sí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló sọ fún wa pé, bó bá ku òun nìkan, ìrìn láàárín abala 100 ń pa òun lára. Wọn ò bi aláìsàn tó dúró ní fèrèsé rárá. Nígbà tí ìwé náà sì béèrè bóyá iṣẹ́ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnu lásán la fi dáhùn, torí pé a ò fi aago wò ó ká tó yí i padà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti so ìwé kékeré kan mọ́ fèrèsé: ìgbà tí káàdì wọlé, ìgbà tí fáìlì jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ó fi kọ ọ́, tọ̀sán tòru, ká tó fọwọ́ kan ètò iṣẹ́ alẹ́.