Ètò Tony Elumelu fún Akẹ́kọ̀ọ́ tó Fẹ́ Dá Òwò Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Ni Mo Yìn Ju Owó Rẹ̀ Lọ

Nínú àwọn ètò tó ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti dá òwò sílẹ̀, èyí tí àjọ Tony Elumelu Foundation bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 ni mo sábà máa ń júwe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tó ní èrò òwò lọ́kàn tàbí òwò tí kò tíì ju ọdún 5 lọ, lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orílẹ̀-èdè Áfíríkà yòówù kó ti wá. Ẹni tí wọ́n bá yàn yóò gba 5,000 dọ́là, kò sì ní dá a padà.

Owó yìí ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ló wú mi lórí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ran báàgì àdìrẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò mọ iye tó ń ná sórí báàgì kan títí tó fi forúkọ sílẹ̀ fún ètò yìí, tó sì di dandan kó kọ ètò òwò rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ àti síìpù nìkan ló ti ń kà; kò ka òwú, kò ka owó ọkọ̀ lọ sí ọjà Ìtòkú, kò sì ka wákàtí tó fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, èrè tó rò pé òun ń jẹ kò sí níbẹ̀. Wọn kò yàn án, àmọ́ ó fi owó lé ọjà rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì sá.

Ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ ti di dandan ní àwọn yunifásítì wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ nóòtì nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, tí wọ́n ń há a sórí nítorí ìdánwò, ṣàṣà ni ẹni tí yóò ti ibẹ̀ ní ìgboyà láti polówó ọjà fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ohun tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ dìde ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò, kí àgbà oníṣòwò sì fi ibi tó kù sí hàn án, ètò yìí sì ń ṣe méjèèjì.

Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń mú lọ fíìfíì: lọ́dún 2015, 1,000 ni wọ́n mú nínú àwọn tó ju 20,000 lọ. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi owó yìí ṣe ìpìlẹ̀ òwò rẹ̀. Kó máa tà ná. Ìforúkọsílẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, yóò sì parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, kó ti ní àkọsílẹ̀ ọjà tó ti tà lọ́wọ́ kí ọjọ́ náà tó pé.