March, Kürti tàbí Vogel: èwo nínú ìwé wọn ni kí oníkẹ́mísírì ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, fowó rà?

Ìbéèrè mẹ́ta la máa ń gbé lọ bá ìwé kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì (organic chemistry). Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí kẹ́míkà méjì yìí bá pàdé? Kí làwọn ẹlòmíràn ti fi ṣe? Gíráàmù mélòó ni kí n wọ̀n? Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa.

March's Advanced Organic Chemistry ló ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1968. Ẹ̀dà kẹjọ jáde ní 2020, ó sì ju 2,000 ojú ìwé lọ. Àfikún B tó wà lẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ kì í ṣí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti to ìyípadà kẹ́míkà jọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe jáde: ester, amine, ketone. Àlòkù tó olùkọ́, torí àwọn ìyípadà àtijọ́, bíi ti Grignard ní 1900, kò yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni kó ṣọ́ra: ẹ̀dà kẹrin, ti 1992, kò lè ní ìsopọ̀ azide àti alkyne pẹ̀lú copper tí wọ́n gbé jáde ní 2002.

Ìbéèrè kejì, ẹ ra ìwé Kürti àti Czakó, Strategic Applications of Named Reactions in Organic Synthesis, ti 2005. Ìyípadà 250 ló wà níbẹ̀, ojú ìwé méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: àlàyé àti ìrìn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣáájú, àpẹẹrẹ ìlò tẹ̀ lé e. Ẹ má ra fọ́tòkọ́pì dúdú-funfun rẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n fi ya apá mọ́líkù sọ́tọ̀. Bí àwọ̀ bá ti lọ, ìdajì owó yín ti lọ.

Ìbéèrè kẹta, Vogel's Textbook of Practical Organic Chemistry, ẹ̀dà karùn-ún ti 1989, ni ìwé orí tábìlì láàbù: gíráàmù, mílílítà, bí a ṣe ń to irinṣẹ́. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wọ́pọ̀ lọ́jà àlòkù, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn benzene, tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá fi toluene rọ́pò rẹ̀ kó rántí pé benzene ń hó ní 80°C, toluene ní 111°C. Bí ẹ kò bá dín àkókò kù, ohun tí ẹ ń sè lè di ọ̀dà.

Nǹkan kan wà tí ìwé kankan kò ní sọ fún yín. “Ooru yàrá” wọn, 20 sí 25°C ni. Ní Kàbà tàbí Ìsánlú lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ooru lè kọjá 34°C, diethyl ether (olómi tí a fi ń fa kẹ́míkà jáde kúrò nínú omi) sì ń hó ní 34.6°C. Bí ẹ bá mì ín nínú fọ́nẹ́ẹ̀lì, èéfín á ti ìdérí jáde. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, ẹ máa tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ léraléra, kí iná àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò ní tutù tó láti mú èéfín ether padà di olómi. Ẹ fi yìnyín sí omi tó ń yí kọndẹnsà ká.

Kí ẹ tó sanwó fún Vogel rárá, ẹ wo Organic Syntheses, àkójọ ìlànà ṣíṣe kẹ́míkà. Láti 1921 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàbù mìíràn sì ti tún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àkíyèsí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣeyebíye jù: ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa kán an díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ tó yẹ kí ẹ rí. Ẹ dáùnlóòdù PDF nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Púpọ̀ nínú ìlànà wọn ń béèrè gáàsì nitrogen tàbí argon, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan kẹ́míkà. Bí sílíńdà kò bá sí, ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Ìwé Larock, Comprehensive Organic Transformations, ńkọ́? Àtòkọ ìyípadà àti jọ́nà tí wọ́n wà nínú wọn lásán ni, láìsí àlàyé. Ẹni tí yunifásítì rẹ̀ ń sanwó jọ́nà nìkan ló wúlò fún.