Fúláàtì Jákàńdè l'Ókè-Àfà: ẹ gbà á, ilé gidi ni

Ẹni tó bá ń wá ilé ní agbègbè Ìsọlọ̀, tó sì rí fúláàtì nínú Ẹ́sítéètì Jákàńdè ní Òkè-Àfà, kó má fi falẹ̀ rárá. Yàrá mẹ́ta ni tiwa, lókè pátápátá. Ìjọba Lateef Jákàńdè ló kọ́ àwọn ilé yìí nígbà tó ń ṣe gómìnà Èkó, 1979 sí 1983, ògiri rẹ̀ sì le débi pé ìṣó kì í wọ̀ ọ́ bọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, a ṣì ń sùn. Ilé ìdáná nìkan ló há. Bí èmi àti ìyàwó mi bá jọ wà níbẹ̀, ẹnì kan ní láti bọ́ síta kí ẹnì kejì tó lè ṣí fìríìjì.

Mo fẹ́ràn ilé yìí nítorí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́ ọ náà. Oníwèé ìròyìn ni Jákàńdè, tí wọ́n ń pè ní Baba Kékeré, olóòtú Nigerian Tribune ni, ó sì bá Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n láyé ọdún 1960 sí i. Nígbà tó di gómìnà, ó fòpin sí káwọn ọmọ kan máa lọ síléèwé láàárọ̀, káwọn yòókù máa lọ lọ́sàn-án. Ó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) sílẹ̀ ní 1983. Ó kọ́ irú ilé yìí sí Abẹ́sàn, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Ìlàsàn. Síbẹ̀, ilé tiẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé ní gbogbo àsìkò náà.

Mínísítà tó ṣe lẹ́yìn náà ló ń dùn mí. Lọ́dún 1993, ó gba ipò mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé lábẹ́ ìjọba ológun Abacha. Àwọn èèyàn rẹ̀ nínú Afẹ́nifẹ́re ní kó jáde, kò jáde. Wọ́n kéde 121,000 ilé fún gbogbo Nàìjíríà ní 1994. Èyí tó parí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èmi ò gbà pé ọgbọ́n ilé kíkọ́ ló tán lọ́wọ́ bàbá. L'Ékòó, aráàlú ló dìbò yàn án, àwọn ló sì ń jíhìn fún. L'Ábùjá, ọ̀gá sójà ló wà lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí páìpù ibẹ̀ ti dàgbà. Tiwa ti dípẹtà, owó wa la sì fi tún un ṣe nígbà tí lánlọ́ọ̀dù ní kò kan òun. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn, ẹni tó máa sanwó àtúnṣe. Bí àgbàlagbà bá wà nílé yín, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Àtẹ̀gùn yẹn kì í ṣe ti orúnkún tó ń dunni.