Ẹ̀rọ ìṣirò èrè ilé orí íntánẹ́ẹ̀tì: ibi tó ti ń tan ẹni tó fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilé tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé ló kọ́kọ́ máa ń sá tọ ẹ̀rọ ìṣirò ọ̀fẹ́ lọ. Wọ́n á kọ iye tí wọ́n ń ta ilé, owó àkọ́san, èlé orí ẹ̀yáwó àti owó ilé oṣooṣù sí i, èsì á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ní ti ẹ̀yáwó, iṣẹ́ wọn dára: iye tí ẹ máa san fún báńkì lóṣù máa ń pé géérégé. Àwọn ìnáwó tó kù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kà.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí wọ́n ń tà ní 100,000, irú owó yòówù kí ẹ máa ná. Ẹ san 20,000 sílẹ̀, báńkì yá yín ní 80,000 fún ọgbọ̀n ọdún, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 7 nínú 100 lọ́dún. Ẹ ó máa san nǹkan bí 532 lóṣù. Bí owó ilé bá jẹ́ 1,000 lóṣù, ẹ̀rọ náà á ní 468 ló ṣẹ́ kù fún yín, ìyẹn 5,616 lọ́dún. Á wá gbé e lé orí 20,000 tí ẹ san, á ní èrè yín jẹ́ ìdá 28 nínú 100. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tí ayálégbé kan bá kó jáde, ó máa ń pẹ́ kí òmíràn tó wọlé. Bí ilé bá ṣófo fún oṣù kan péré lọ́dún, 1,000 ti lọ. Alábòójútó tó bá ń gba ìdá 10 nínú owó tó wọlé á mú 1,100. Ká ní owó orí ilé àti ìbánigbófò jẹ́ 1,800, kí àtúnṣe kéékèèké jẹ́ ìdá 1 nínú 100 iye ilé, ìyẹn 1,000, kí ẹ sì ya 1,000 sọ́tọ̀ de àtúnṣe ńlá. Nínú 12,000, 6,100 ló kù, bẹ́ẹ̀ báńkì ń retí 6,384. Ẹ ó máa fi 284 kún un lọ́dọọdún láti àpò yín.

Owó tí à ń yà sọ́tọ̀ de àtúnṣe ńlá yìí ló yẹ ká tẹnu mọ́ jù, nítorí àìyà á sọ́tọ̀ lè lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́nu òwò yìí. Àwọn ẹ̀rọ tó tilẹ̀ ní àyè fún un máa ń ṣírò rẹ̀ láti ara owó ilé, bí ìdá 5 tàbí 10 nínú 100. Àṣìṣe gbáà ni. Iye tí wọ́n ń ta páànù òrùlé kò mọ̀ bóyá 600 ni ayálégbé ń san tàbí 1,500. Ọjọ́ orí nǹkan ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Bí òrùlé tó yẹ kó lo ogún ọdún bá ti lo mẹ́tàdínlógún, ọdún mẹ́ta lẹ ní láti kó gbogbo owó rẹ̀ jọ. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe òrùlé, páìpù omi, wáyà iná àti ẹ̀rọ amómigbóná, kí ẹ ṣe ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àpótí tí wọ́n ti kọ ìdàgbàsókè owó ilé sí kí ẹ tó débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 3 nínú 100 lọ́dún, owó ilé á ti fi ìdá 34 lé láàárín ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ìnáwó lè wà lójú kan nínú ìṣirò náà. Ẹ sọ ọ́ di òdo. Ilé tí kò bá pa owó láìsí ìyẹn, ìrètí lásán lẹ fẹ́ rà.

Iye owó ilé tí ẹ̀ ń kọ síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gba ti ẹnu ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó mú ìwé àdéhùn ayálégbé àti rìsíìtì wá, kí ẹ sì wádìí ohun tí wọ́n ń san ní ilé mẹ́ta tó jọ ọ́ ládùúgbò, kì í ṣe iye tí wọ́n fi polówó.

Ẹ̀rọ tó bá dára gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ lè kọ owó lọ́yà, owó ìwé àti àtúnṣe ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ owó àkọ́san. Bí wọ́n bá jẹ́ 8,000, orí 28,000 ni kó ti ṣírò èrè yín. Ó tún yẹ kó jẹ́ kí ẹ lè yí èlé padà, pàápàá bí ti báńkì yín bá lè gòkè: tó bá di ìdá 8, 532 á di 587.

Ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń gba owó oṣooṣù lé lórí kò pọn dandan fún ẹni tó ń wá ilé kan ṣoṣo. Àwòrán aláràbarà àti ìwé tó ṣe é gbé lọ bá báńkì ló sábà fi ju ti ọ̀fẹ́ lọ, Excel sì lè ṣe gbogbo ìṣirò òkè yìí. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè sọ bóyá ìwé ilẹ̀ péye, bóyá òfin gbà kí wọ́n fi ayálégbé síbẹ̀, tàbí bóyá ìpìlẹ̀ ti sán. Owó tí ẹ bá fẹ́ san fún áàpù, ẹ fi kún ti lọ́yà àti ti ẹni tó máa bá yín yẹ ilé náà wò.