Ìkìlọ̀: Ẹ má fi ìdánwò ìṣẹ́jú kan ra ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà ohùn pọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wá ẹ̀rọ àlòkù tí ẹ máa fi mú kọ̀ǹpútà ohùn méjì tàbí mẹ́ta rìn pọ̀ nínú sítúdíò fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Olùtajà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lu àwọn èèyàn wa ní jìbìtì. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn sítúdíò kéékèèké tó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó ló ń tàn jù.

Báyìí ló ṣe ń dán ọjà rẹ̀ wò lójú oníbàárà: á to kọ̀ǹpútà mẹ́ta kalẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún ìró ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn, ìbọn àti irú wọn. Ó fi àpótí kan tó pè ní master clock, ìyẹn aago tó yẹ kí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé, kún un. Á ṣí fíìmù, á tẹ play, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó tó ìṣẹ́jú kan, á dá wọn dúró, á fò lọ sí ibòmíràn, á tún tẹ play. Gbogbo rẹ̀ á ṣe déédéé, oníbàárà á sì sanwó.

Dídá tó ń dá wọn dúró yẹn gan-an ni ẹ̀tàn. Timecode ń sọ ibi tí fíìmù dé fún kọ̀ǹpútà, àmọ́ word clock ló ń di ìyára wọn mú, sample (ègé ohùn kéékèèké) 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí clock kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, kálukú á máa lo kírísítà inú rẹ̀ (òkúta kékeré tó ń ka àkókò), kò sì sí kírísítà méjì tó dọ́gba délẹ̀. Ká ní ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10 nínú mílíọ̀nù kan. Ní ìṣẹ́jú kan, kò ju 0.6 mílísẹ́kọ́ǹdì lọ, ta ló máa gbọ́ ìyẹn? Ní wákàtí kan, ó ti di 36, bẹ́ẹ̀ férémù (àwòrán) kan nínú fíìmù oní-férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 40. Kí fíìmù wákàtí méjì tó parí, ó ti ń sún mọ́ férémù méjì. Ìgbàkígbà tó bá sì dá wọn dúró, wọ́n á tún timecode kà látìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tó ti ń kó jọ á pa rẹ́.

A ṣí àpótí tó tà fún sítúdíò kan tí mo bá ṣiṣẹ́. Kò ní clock tirẹ̀ rárá. Ó kàn ń gba clock láti ibòmíràn, ó ń pín in kiri. Iná "lock" iwájú rẹ̀ ń tàn ṣáá níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà. Nígbà tí a pe olùtajà náà, ó ní okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tó, pé Satellite Link inú Pro Tools (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ ohùn) ló ń so wọ́n. Lóòótọ́, Satellite Link lè so ẹ̀rọ 12 pọ̀, àmọ́ àṣẹ play àti stop ló ń gbé, kì í gbé clock. Dante, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń gbé ohùn gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń gbé clock ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ Dante kankan nínú ẹrù tó ń tà.

Okùn rẹ̀ náà kò dáa. Word clock ń fẹ́ okùn 75 ohm, RG-58 tó jẹ́ 50 ohm ló ń fi ránṣẹ́. Orí wọn jọra, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára okùn. Bí ó bá fi Pro Tools kún un, kí ó gbé láísẹ́ǹsì wọ àkáǹtì iLok tiyín (ibi tí àṣẹ lílo Pro Tools ń wà) kí owó tó kọjá.

Ìdánwò tí ẹ máa béèrè rèé. Ẹ yọ okùn tó ń gbé clock wọ inú àpótí, kì í ṣe okùn iná; clock gidi á ṣì máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin kan náà sórí kọ̀ǹpútà méjì, ẹ yí polarity ọ̀kan padà (kí òkè ìgbì ohùn rẹ̀ di ìsàlẹ̀), ẹ da ohùn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lọ wákàtí kan gbáko láìdúró. Bí clock kan bá ń darí wọn, ó lè dákẹ́ pátápátá, ó lè fẹ́lẹ́, àmọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló máa parí. Bí ó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, tó ń dún bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú páìpù kọjá, ẹ má rà á.

Ó máa ń ní òun ò ráyè wákàtí kan. Ó sì ti ń yí orúkọ padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ iwájú àpótí nìkan ló máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ní kó ya ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ rẹ́, ẹ gba ohùn ìdánwò wákàtí kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ gba ọ̀dọ̀ wọn sanwó kí àkókò ẹjọ́ tó kọjá.